Ipa Kẹ̀kẹ́ Lórí Òkè Flagstaff: Ta ni Ó Tẹ Ìwọ̀-Oòrùn Amẹ́ríkà Dó?

Ní nǹkan bíi máìlì márùn-ún sí ìlà-oòrùn ìlú Baker City, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Flagstaff. Òkè náà kò ga púpọ̀, igi ńlá kò sì pọ̀ lórí rẹ̀. Koríko gbígbẹ àti igbó kúkúrú tí ewé rẹ̀ dà bí eérú ni ó bò ó. Orí rẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé ìtàn kan sí, tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún 1992, fún ìrántí àwọn tó fi kẹ̀kẹ́ ẹrù onígi tí màlúù ń fà rin ìrìn-àjò láti àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà lọ sí apá etí òkun ìwọ̀-oòrùn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n ti ilé náà fún àtúnṣe nígbà kan, wọ́n sì tún un ṣí ní ọdún 2024.

Nínú ilé náà ni àlejò ti ń rí ọ̀wọ́ ère tí ìdúró wọn tó ti ohun alààyè: màlúù tí àjàgà wà lọ́rùn wọn, kẹ̀kẹ́ tí a fi aṣọ funfun bò, àti ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́. A ṣe wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe iyebíye jù níbẹ̀ kò sí nínú ilé. Bí ènìyàn bá bọ́ síta tó wo ìsàlẹ̀ òkè, yóò rí ojú ọ̀nà kan tó la ilẹ̀ já bí àpá ọgbẹ́ àtijọ́. Ipa ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kẹ̀kẹ́ ló gba ibẹ̀ kọjá láti ọdún 1843 títí di ìgbà tí ojú irin so ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà pọ̀ ní 1869, àwọn díẹ̀ sì ṣì ń gba ibẹ̀ lẹ́yìn náà. Nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, tí òjò kì í sì í pọ̀, àpá náà kò parẹ́ títí di òní.

Onímọ̀ ìtàn tó bá ń wá ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò lè fi kálámù yí padà, ẹ̀rí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí kò ní ẹnu ni. Ilẹ̀ lè fi hàn pé kẹ̀kẹ́ kọjá. Kò lè sọ ẹni tó ni kẹ̀kẹ́, ẹni tó gbẹ́ àjàgà màlúù, ẹni tí òfin kọ̀ fún láti dúró nígbà tó gúnlẹ̀, tàbí ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ tó dé. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ló ń sọ èyí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí a bá yàn láti fi sọ ọ́ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Orúkọ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe àwọn arìnrìn-àjò yìí ni “pioneer”. Bí a bá tọ ọ̀rọ̀ náà lọ sí orísun rẹ̀ nínú èdè Faransé, ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ni ó ń tọ́ka sí. Àwọn tó máa ń ṣíwájú ogun láti la ọ̀nà, láti gbẹ́ yàrà, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kọjá. Ọ̀rọ̀ ogun ni kó tó di ọ̀rọ̀ àpọ́nlé. Yorùbá tó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ lè sọ pé “aṣáájú”, ó sì lè sọ pé “atẹ̀lúdó”. Ìkejì yìí ni ó sún mọ́ ọ̀wọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fún ọ̀rọ̀ tiwọn, òun náà ni ó sì mú wàhálà lọ́wọ́. Nínú ìtàn ìlú Yorùbá púpọ̀, ọdẹ tàbí ọmọ ọba ni atẹ̀lúdó. Ó rìn wọ igbó, ó rí omi, ó pa àgọ́, àwọn ènìyàn sì bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá bá ẹnìkan lórí ilẹ̀ náà, ìtàn gbọ́dọ̀ sọ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe rí: ṣé ó tọrọ ilẹ̀ ni, àbí ó bá onílẹ̀ jà? Ìtàn tó bá fo ibẹ̀, àwọn àgbà yóò bi opìtàn léèrè.

Ojú Ọ̀nà

Ọ̀nà Oregon gùn ju 2,000 máìlì lọ. Independence ní ìpínlẹ̀ Missouri ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbéra, àfonífojì odò Willamette sì ni wọ́n ń lọ. Oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n ń lò lójú ọ̀nà. Ìdí tí wọ́n fi ń lọ pọ̀. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún 1837, owó irè oko sì wálẹ̀ gan-an. Ibà ń dààmú àwọn tó ń gbé ní ẹ̀bá odò ńláńlá tó wà ní àárín orílẹ̀-èdè náà. Ìròyìn sì ń tàn kálẹ̀ pé ilẹ̀ ọlọ́ràá wà ní ìwọ̀-oòrùn tí ènìyàn lè gbà láìsan kọ́bọ̀. Ní 1836, míṣọ́nnárì méjì, Marcus Whitman àti Henry Spalding, pẹ̀lú ìyàwó wọn, Narcissa àti Eliza, sọdá àwọn Òkè Rocky. Nígbà tí àwọn ènìyàn gbọ́ pé obìnrin lè rin ọ̀nà náà já, ìgboyà dé. Ní 1843, nǹkan bí ènìyàn 1,000 gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ojú irin tó dé, àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ lọ sí Oregon, California àti Utah kò dín ní 300,000.

Koríko ni aago wọn. Bí wọ́n bá tètè gbéra kí koríko tó hù, màlúù kò ní rí nǹkan jẹ. Bí wọ́n bá pẹ́, yìnyín yóò bá wọn lórí òkè. Nítorí náà, oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ni wọ́n máa ń dìde. Àpáta ńlá kan wà ní Wyoming tí wọ́n sọ ní Independence Rock. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ nígbà àjọ̀dún òmìnira Amẹ́ríkà, ọjọ́ kẹrin oṣù keje, mọ̀ pé òun kò pẹ́. Àwọn tí a ń pè ní ọ̀wọ́ Donner kò ka aago yìí dáadáa. Ènìyàn 87 ni wọ́n. Wọ́n gba ọ̀nà àbùjá tí wọn kò mọ̀ lọ sí California ní 1846, yìnyín sì há wọn mọ́ orí òkè Sierra Nevada. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó kú. Nínú àwọn tó yè, àwọn kan jẹ òkú èrò ẹlẹgbẹ́ wọn kí ẹ̀mí má baà bọ́.

Màlúù ni ọ̀pọ̀ fi ń fa kẹ̀kẹ́, kì í ṣe ẹṣin bí àwọn eléré sinimá ṣe fẹ́ kí a gbà gbọ́. Akọ màlúù tí a ti tẹ̀ lọ́dàá rọ̀ lówó ju ẹṣin lọ, ó lágbára, ó sì lè jẹ koríko tí ẹṣin yóò gbóòórùn rẹ̀ kó sì kọ̀ ọ́. Ó kàn ń rìn díẹ̀díẹ̀ ni: máìlì 15 lójúmọ́, bí ọ̀nà bá dára. Àpótí kẹ̀kẹ́ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gígùn àti 4 ní ìbú lọ, inú rẹ̀ ni ìyẹ̀fun àlìkámà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, ẹ̀wà, kọfí, àwọn irinṣẹ́ àti irúgbìn wà. Kò sí ohun tó ń dẹ gbígbọ̀n rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ yóò máa gbọ̀n bí ẹ̀wà nínú ajọ̀. Nítorí náà, àfi aláìsàn, aboyún àti ọmọ ọwọ́, ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn fi ń rìn. Nígbà tí màlúù bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, wọn a kó ẹrù sọ sí ẹ̀bá ọ̀nà: àga tí bàbá bàbá ẹni gbẹ́, àpótí aṣọ ìgbéyàwó, ààrò onírin. Lórí ọ̀dàn tí kò sí igi, ìgbẹ́ ẹfọ̀n gbígbẹ ni àwọn obìnrin fi ń dáná. Iṣẹ́ obìnrin kò dín kù nítorí ìrìn-àjò. Nígbà tí àwọn ọkùnrin bá tú màlúù sílẹ̀ tí wọ́n sinmi, ìgbà náà ni ti àwọn obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ọ̀nà yìí, inú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí àwọn obìnrin wọ̀nyí kọ ní alẹ́ ni a ti rí i.

Ní ti ikú, onígbáméjì ló pa ènìyàn jù, pàápàá láàárín 1849 sí 1852, nígbà tí àwọn tó ń wá wúrà lọ sí California ti mú kí èrò pọ̀ létí omi tó dọ̀tí. Ẹni tó jí ní àlàáfíà lè wà nínú sàréè kí oòrùn tó wọ̀. Àárín ọ̀nà gan-an ni wọ́n máa ń sin àwọn òkú kan sí, tí wọn yóò sì fa gbogbo kẹ̀kẹ́ kọjá lórí sàréè náà, kí ìkookò má baà mọ ibi tí yóò hú. Ipa kẹ̀kẹ́ mìíràn wà, nígbà náà, tó jẹ́ pé sàréè ni. Lẹ́yìn àìsàn ni odò, lẹ́yìn odò ni ìbọn tó ń yìn lójijì lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ìbẹ̀rù tó pọ̀ jù lọ́kàn wọn kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọ̀nyí. Àwọn tí òyìnbó ń pè ní Índíà ni wọ́n ń bẹ̀rù. Onímọ̀ ìtàn John Unruh, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1979 lẹ́yìn ikú rẹ̀, fara balẹ̀ ka àkọsílẹ̀ ìgbà náà. Ohun tó rí ni pé láàárín 1840 sí 1860, arìnrìn-àjò 362 ni àwọn onílẹ̀ pa, nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò pa onílẹ̀ 426. Bí a bá gbé iye yìí ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí àìsàn pa, a ó rí i pé ìtàn tí sinimá ń sọ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ló ń fi ọkọ̀ wọn gbé èrò sọdá odò, àwọn ló ń ta ẹja, ẹ̀fọ́ àti ẹṣin fún wọn. Nígbà tí ọ̀wọ́ ńlá ti 1843 dé ẹsẹ̀ Òkè Blue tí ojú ọ̀nà pin, ọmọ ẹ̀yà Cayuse kan tí wọ́n ń pè ní Stickus ló fi ọ̀nà hàn wọ́n já. Wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà kò gbọ́ tiwọn. Ọwọ́ ló fi ń júwe.

Níbòmíràn, àwọn onílẹ̀ ń bèèrè owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ la ilẹ̀ wọn já. Àwọn kan tẹ́ afárá igi sórí odò, wọ́n sì dúró sí ẹnu rẹ̀. Ẹfọ̀n tí wọ́n ń pa jẹ ń sá fún ariwo kẹ̀kẹ́, màlúù àlejò ń jẹ koríko ẹ̀bá odò tán, igi tó wà létí omi ń di igi ìdáná. Wọ́n ní kí ẹni tó ń kọjá san nǹkan. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò, ọ̀pọ̀ ló pe èyí ní agbe ṣíṣe, àwọn mìíràn pè é ní olè. Yorùbá kò ní ṣòro láti rí orúkọ tó yẹ ẹ́. Owó bodè ni. Kò sí ìlú Yorùbá kan tó níyì ní ọ̀rúndún kan náà tí kò ní oníbodè, kò sì sí oníṣòwò tó dé ẹnu odi ìlú tó pe oníbodè ní alágbe.

Ẹni tó Gbẹ́ Àjàgà

Ní Independence, níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tó ń jẹ́ Hiram Young. Ẹrú ni tẹ́lẹ̀. Ó fi iṣẹ́ igi gbígbẹ́ ra ara rẹ̀ padà ní nǹkan bí ọdún 1847. Lẹ́yìn èyí, ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kan kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n sì ń gbẹ́ àjàgà màlúù. Ní àkókò ìkànìyàn ti 1860, àjàgà tó ń jáde níbẹ̀ lọ́dún jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kẹ̀kẹ́ sì jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1861, ó sá lọ sí Kansas. Ó padà wá lẹ́yìn ogun, ó sì kú ní 1882. Ẹni tí àjàgà ẹrú ti wà lọ́rùn òun fúnra rẹ̀ ló ń gbẹ́ àjàgà fún àwọn tó ń wá òmìnira lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọn aláwọ̀ dúdú mìíràn kò dúró sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà. Wọ́n rìn ín já.

Ní 1844, George Washington Bush, ọmọlúàbí aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní òmìnira ní Pennsylvania, gbéra láti Missouri pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Isabella, tó jẹ́ òyìnbó, àti ọmọkùnrin wọn márùn-ún. Ó ní owó lọ́wọ́, ó sì ran àwọn ẹbí tí kò ní lọ́wọ́ láti ra ohun ìrìn-àjò. Ọ̀nà kan náà ni ó rìn, ó sì sọdá odò kan náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó wà lójú ọ̀nà yìí gan-an, ìjọba tí àwọn àlejò òyìnbó gbé kalẹ̀ ní Oregon ṣe òfin kan. Òfin náà fòfin de ẹrú níní. Ìlà tó tẹ̀ lé e sì sọ pé kí aláwọ̀ dúdú tó bá ti di òmìnira kó jáde ní Oregon: ọdún méjì fún ọkùnrin, mẹ́ta fún obìnrin. Ẹni tó bá kọ̀, wọn yóò nà án ní ẹgba tí kò dín ní 20, tí kò sì ju 39 lọ, wọn yóò sì máa nà án bẹ́ẹ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà títí yóò fi lọ. Kí ìyà náà tó ba ẹnikẹ́ni ni wọ́n ti yí i padà, wọ́n sì fagi lé òfin náà ní 1845. Ìyẹn kò yí ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó ṣe é padà, nítorí wọ́n tún ṣe òmíràn ní 1849.

Bush kò dúró de òfin. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Michael Simmons, pẹ̀lú àwọn ẹbí òyìnbó bíi mélòó kan tí wọn kò fẹ́ fi í sílẹ̀, kọjá sí àríwá odò Columbia, níbi tí ọwọ́ òfin náà kò tó dé. Ní 1845, wọ́n tẹ ìlú dó sí ibi tí a ń pè ní Tumwater lónìí. Àfi bí ẹni pé òfin ń tọpa rẹ̀: ní 1846, àdéhùn láàárín Amẹ́ríkà àti Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi àríwá odò náà sábẹ́ Amẹ́ríkà. Nígbà tí òfin ìpín ilẹ̀ jáde ní 1850, wọ́n ní kí ọkùnrin gba 320 éékà, kí tọkọtaya gba 640, ìdajì rẹ̀ ní orúkọ ìyàwó. Ohun rere ni èyí fún àwọn obìnrin òyìnbó, àwọn tí kì í rí ilẹ̀ gbà ní orúkọ ara wọn níbòmíràn. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ funfun àti ọmọ tí òyìnbó bí pẹ̀lú àwọn onílẹ̀ nìkan ni òfin náà dárúkọ. Bush ti dáko níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún; kò sì ní ilẹ̀. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ àti ìgbìmọ̀ aṣòfin Washington ló bá a bẹ̀bẹ̀, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ fi ṣe òfin ọ̀tọ̀ fún òun nìkan ní 1855 pé kí òun àti ìyàwó rẹ̀ ni 640 éékà wọn. Ó kú ní 1863 láìdìbò rí níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀, William Owen Bush, wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àkọ́kọ́ ti ìpínlẹ̀ Washington ní 1889.

Ọ̀rọ̀ Robin àti Polly Holmes tún yàtọ̀. Ẹrú ni wọ́n nígbà tí Nathaniel Ford kó wọn láti Missouri wá sí Oregon ní 1844 kan náà, sí ilẹ̀ tí òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má ní ẹrú. Ní 1850, Ford dá ọkọ àti ìyàwó sílẹ̀, ó sì dá àwọn ọmọ wọn dúró. Robin Holmes gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹjọ́ náà fà títí di 1853, nígbà tí adájọ́ George Williams pàṣẹ pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ padà fún àwọn òbí wọn. Ní ti Jacob Vanderpool, tó ń ṣòwò ní Oregon City, ó pàdánù ẹjọ́ tirẹ̀ ní 1851: wọ́n ní kó kúrò láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá 1857, àwọn òyìnbó Oregon dìbò lórí òfin ìpìlẹ̀ wọn. Àwọn 7,727 ní àwọn kò fẹ́ ẹrú níní, 2,645 ní àwọn fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ kan náà, 8,640 ní àwọn kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú tó ní òmìnira wọ ilẹ̀ náà, 1,081 péré ló gbà kí wọ́n wọlé. Ẹni tó bá ka ìbò kejì ni yóò mọ ohun tí ìbò kìn-ín-ní túmọ̀ sí. Oregon di ìpínlẹ̀ ní 1859 pẹ̀lú ìlà náà nínú òfin rẹ̀; 1926 ni wọ́n yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó ṣẹ́kù nínú òfin ìpìlẹ̀ náà, 2002 ni wọ́n dìbò mú un kúrò, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ilé ìtàn orí Òkè Flagstaff ti ń gba àlejò.

Ẹni tó Ni Ilẹ̀

Ọdún mìíràn wà nínú ìtàn yìí tó yẹ kí a tún wò, ìyẹn 1850. Ọdún náà ni ìjọba ń pín 320 éékà àti 640 éékà. Ṣùgbọ́n ní ọdún náà, kò tíì sí àdéhùn kan tó ti fìdí múlẹ̀ tí àwọn onílẹ̀ fi fi ilẹ̀ wọ̀nyí sílẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Cayuse, Umatilla àti Walla Walla kò fọwọ́ sí àdéhùn tiwọn títí di 1855, nígbà tí wọ́n fi 6,400,000 éékà sílẹ̀ tí wọ́n sì fi ìwọ̀nba kékeré pamọ́ fún ara wọn. Ìjọba ti ń pín ilẹ̀ kó tó rà á. Ó ṣòro láti rí ọ̀nà tí a lè gbà fi “tẹ̀dó” ṣàpèjúwe èyí láìṣe pé a kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo apá kan ìtàn.

Wọ́n sì ti sanwó míràn kó tó dìgbà náà. Àwọn Cayuse ló gbàlejò Whitman àti ìyàwó rẹ̀ ní Waiilatpu ní 1836. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ilé míṣọ́nnárì náà di ibi ìsinmi fún àwọn tó ń rin ọ̀nà Oregon, iye àlejò sì ń pọ̀ sí i. Ní 1847, èéyi wọ ibẹ̀. Whitman jẹ́ oníṣègùn. Ó tọ́jú ọmọ òyìnbó àti ọmọ Cayuse bákan náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ òyìnbó púpọ̀ ń yè, àwọn Cayuse kò sì ní agbára kankan nínú ara láti bá àìsàn náà jà. Ó tó ìdajì àwọn tó wà nítòsí tó kú. Lójú àwọn Cayuse, oníṣègùn tí aláìsàn kú mọ́ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀sùn láti jẹ́, òfin wọn sì ti sọ ìyà rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá, wọ́n pa Whitman, Narcissa àti àwọn mọ́kànlá mìíràn. Ogun tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà 1850, wọ́n yẹgi fún Cayuse márùn-ún ní Oregon City. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtàn ajẹ́rìíkú ni ìwé fi ń pe ọ̀rọ̀ Waiilatpu, wọ́n sì ń ka òkú apá kan ṣoṣo.

Ní ìsàlẹ̀ Òkè Flagstaff, nínú àfonífojì Baker, igi páìnì kan ṣoṣo wà nígbà kan tí gbogbo arìnrìn-àjò fi ń mọ̀nà. Àwọn ọdẹ Faransé tó ń ta awọ ẹranko ti sọ ọ́ lórúkọ, gbogbo wọn sì ń fojú sọ́nà fún un láti òkèèrè. Nígbà tí John Frémont dé ibẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1843, igi náà ti wà nílẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn arìnrìn-àjò ọdún náà ti gbé àáké tì í.

Ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ wà nínú ilé ìtàn orí òkè náà, a kò lè parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ nítorí ọ̀nà, ọ̀nà ni yóò máa tẹ̀ lé. Ẹni tó ń rìn ni olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, ẹni tó jókòó sí ilẹ̀ baba rẹ̀ di ohun tí a rí ní ẹ̀bá ọ̀nà. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ ìtàn Ilé-Ifẹ̀. Odùduwà tó ti ìlà-oòrùn wá, bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1921, òun ni a ń ròyìn ìrìn rẹ̀. Àwọn Ìgbò tí ọdún Edì ń mú wá sí ìrántí pẹ̀lú orúkọ Mọ́remí, ọ̀tá tó ń ti inú igbó wá kógun ni wọ́n nínú ìtàn kan. Nínú òmíràn, àwọn ni ó ni ilẹ̀ tí wọ́n sì lé jáde. Ìtàn méjèèjì ṣì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ní Oregon náà, ilé kejì ti wà. Ní 1998, àwọn Cayuse, Umatilla àti Walla Walla ṣí ilé ìtàn tiwọn lórí ilẹ̀ tí àdéhùn 1855 fi sílẹ̀ fún wọn, nítòsí ìlú Pendleton, ní òdìkejì Òkè Blue sí Baker City. Tamástslikt ni wọ́n sọ ọ́; nínú èdè Walla Walla, orúkọ náà jẹ mọ́ ìtumọ̀ ṣíṣe. Apá mẹ́ta ni wọ́n pín ìtàn wọn sí: bí a ṣe wà, bí a ṣe wà nísinsìnyí, bí a ó ṣe wà. Nínú ilé yìí, kẹ̀kẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó dé bá a lágbede méjì ni.

Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní èdè níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn èdè tó ṣẹ́kù. Èdè Cayuse fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti bọ́ sínú èdè Nez Perce, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ àti orúkọ àwọn ibi kan ni ó kù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ṣì ń lo “cayuse”, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ènìyàn. Ẹṣin kékeré ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.